Àwọn Àga Tí Màmá Sítáàṣì Yá

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí Màmá Sítáàṣì jẹ́ fún yín, torí tí mi ò bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ àga yìí ò ní yé yín. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà la jọ ń gbé, yàrá ẹ̀ dojú kọ tèmi. Aṣọ fífọ̀ ló fi jẹun láyé ẹ̀. Tó bá fi sítáàṣì sí kọ́là ẹnikẹ́ni, onítọ̀hún ò ní lè yí ọrùn, á máa rìn bíi ọ̀gá ọlọ́pàá. Ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Nígbà tó yá, orúnkún kọ̀ ọ́, ọwọ́ náà ní òun ò ṣe mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọ ẹ̀ obìnrin kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Bàbá wọn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn màmá yẹn ni pé ebi lè máa pa wọ́n nínú yàrá yẹn, ẹ ò ní rí yúnífọ́ọ̀mù ọmọ kankan kó rún. Onídìrí ni mí, mo máa ń di irun àgbà nínú àwọn ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Tí mo bá dì í tán, kí n tó yíjú, ó ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Màmá ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yẹn, Ìyá Kékeré la máa ń pè é, torí òun ló ń wẹ àwọn àbúrò ẹ̀, òun ló ń dáná, òun ló tún ń bá wọn wí.

Nígbà tí nǹkan wá le gan-an, obìnrin kan láti òdì kejì ìlú ní kí wọ́n fún òun ní Ìyá Kékeré kó wá máa ṣọmọ ọ̀dọ̀ òun, òun á máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá àgbà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tó bá lọ bẹ́ẹ̀, ilé ìwé ti parí nìyẹn. Màmá gbà, kí ló fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti gbà ni kò ti jẹun dáadáa mọ́. Ọjọ́ Sátidé lobìnrin yẹn máa wá mú un.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mò ń di irun lọ́wọ́ tí rédíò ní ìjọba ti ṣòfin tuntun. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tí ò ní, torí òbí ẹ̀ ti kú, owó ìtọ́jú á máa wọlé fún un lóṣooṣù, kó lè jókòó sílé kó sì máa lọ sílé ìwé. Ẹ gbọ́ o, mo fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní ìlàjì, mo sáré lọ sọ fún Màmá. Èmi fúnra mi ni mo lọ fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wẹ́fíà, àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ fún ìjọba. Wọ́n ní kò burú, àwọn á rán ẹnì kan wá wo ilé.

Wíwo ilé yẹn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Màmá mọ òfin àtijọ́, èmi ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà lọ́mọge, tí àwọn wẹ́fíà bá wá wo ilé tí wọn ò rí bẹ́ẹ̀dì, tí wọn ò rí àga, wọ́n á ní ìyá yẹn ò lè tọ́mọ, wọ́n á kó àwọn ọmọ lọ sílé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Wọ́n kó ọmọ ará ilé wọn kan báyìí lójú ẹ̀. Ìyá ọmọ sáré tẹ̀ lé mọ́tò títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Èmi sọ̀rọ̀ owó o, mọ́tò ni Màmá gbọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá, ṣọ́ọ̀bù ni mo wà. Wọ́n ní àlejò ti dé sọ́dọ̀ Màmá, mo sáré wálé. Mo wọ yàrá yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Àga onítìmùtìmù télọ̀ ilé wa wà níbẹ̀. Aago ara ògiri lanlọ́ọ̀dù wà níbẹ̀. Tábìlì tí kápẹ́ńtà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn fún oníbàárà ẹ̀ wà láàárín, fáníìṣì ẹ̀ ò tíì gbẹ. Mo wo ẹ̀gbẹ́ kan, fáànù tèmi náà rèé. Ọwọ́ Màmá ni mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ mi sí. Iná ò sì sí o, fáànù kàn dúró ṣánṣán bíi sójà.

Ọmọge wẹ́fíà, ọmọ kékeré báyìí tó wọ díńgí ojú, jókòó sórí àga télọ̀. Ó yíjú wo ilé yí ká, ó ní ilé Màmá dára, ó kí i kú ìtọ́jú. Ó wá ní àwọn tí ò ní ni òfin yìí wà fún, ó jọ pé Màmá ò nílò ẹ̀. Inú Màmá dùn, ó ń dúpẹ́. Lójú tiẹ̀, ó ti borí. Ìyá Kékeré dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì tó ti dì de Sátidé, ó ń wo ilẹ̀.

Mo fa Màmá síta. Mo ní kí lẹ ṣe yìí, àwọn tí ò ní ni wọ́n ń wá. Ó gbá mi lápá mú. Ìgbà yẹn ló wá sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn fún mi.

"Tí mo bá ní mi ò ní nǹkan kan, tí wọ́n bá wá kó wọn lọ ńkọ́?"

Mo ní òfin ti yí padà. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo kọ ọ́ ni?"

Mo ní orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ ti ògiri, ó wo Ìyá Kékeré, ó wo báàgì. Ó kàn wọlé padà, ó ní kí ọmọge yẹn jọ̀ọ́ dìde.

"Ti télọ̀ nìyí," ló wí, ó sì gbé àga náà.

Mo fẹ́ gbà á, ó ní kí n fi òun sílẹ̀, ẹnu òun ló yá a, ẹsẹ̀ òun náà lá dá a padà. Pẹ̀lú orúnkún yẹn o. Ó gbé aago jáde, ó gbé fáànù mi jáde. Nígbà tó kan tábìlì, ó pe kápẹ́ńtà kó wá gbé e. Ìwé tí ọmọge wẹ́fíà gbé lé tábìlì ti lẹ̀ mọ́ fáníìṣì, ló bá ń bá tábìlì lọ, ni ọmọge yẹn bá ń sáré tẹ̀ lé kápẹ́ńtà lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé mi." Àwọn àbúrò Ìyá Kékeré bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọmọge yẹn padà wọlé, ẹní ló kù nínú yàrá, àti ìkòkò, àti áyọ́ọ̀nù eléèédú, àti yúnífọ́ọ̀mù mẹ́ta lórí ìṣó, tí sítáàṣì mú wọn dúró bí ẹni pé èèyàn wà nínú wọn. Màmá ń mí gúlegúle.

"Ọmọ mi, ilé mi nìyí. Mi ò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo lè tọ́ wọn. Jọ̀ọ́, má kó wọn lọ."

Ọmọge yẹn bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní, ó fọwọ́ tọ́ ọwọ́ yúnífọ́ọ̀mù kan wò.

"Màmá, òfin tó ń kó ọmọ torí ìṣẹ́ ti kú. Èyí tí mo bá wá yìí, ó ní kí owó wá bá ọmọ nílé ni."

Ó mú ìwé mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Màmá tiẹ̀ ní kó tún ọ̀rọ̀ òfin yẹn sọ. Ó tún un sọ. Ìgbà yẹn ni Màmá tó jókòó.

Owó yẹn ò tètè dé o, ìjọba kì í sáré. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin òdì kejì ìlú dé lọ́jọ́ Sátidé, Màmá ní ọmọ òun ò lọ mọ́, ẹ máa lọ. Àwa ará ilé la jọ ń gbé wọn ró títí owó náà fi dé. Kò tó fi kọ́lé, ṣùgbọ́n ó ń tó oúnjẹ, ó ń tó ìwé, Ìyá Kékeré ṣì ń lọ sílé ìwé, ó ṣì ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó kọ òfin yẹn, ibi yòówù kó wà, ìyá rere ló bí i.

Ìgbà tí Màmá rí díẹ̀ tọ́jú, àga kan ló rà, lọ́wọ́ kápẹ́ńtà. Kó tó rà á, ó ní kí n bá òun béèrè bóyá òfin gbà kí òun ní àga. Mo ní ẹ jókòó ẹ jàre.

Nígbà tí ọmọge wẹ́fíà tún wá bẹ̀ wọ́n wò, orí ẹ̀ ni Màmá ní kó jókòó sí. Ọmọ yẹn kọ́kọ́ fi ìka kàn án wò, bóyá fáníìṣì ti gbẹ.