Hóró Funfun Nínú Agolo Bọ́tìnnì

1.

…torí pé ìka Gíríìsì mẹkáníìkì kò lè ṣí ìgò oògùn àyà rẹ̀ mọ́. Ogójì ọdún ló fi tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀; ìdérí kékeré ló wá ń bá a jà. Ni ìyàwó rẹ̀, Abẹ́rẹ́ aránṣọ, bá da oògùn àyà náà sínú agolo bọ́tìnnì, ó tẹ́ òwú sí i bí ibùsùn ọmọ tuntun.

Ohun kékeré tí kò gbọdọ̀ sọnù, inú agolo yẹn ló ń gbé.

2.

ARA ÌGÒ

FI SÁBẸ́ AHỌ́N. MÁ GBÉ E MÌ.
MÁ DÀ Á SÍ NǸKAN MÌÍRÀN.

(Òdòdó kan ló wà nínú ìgò náà báyìí, lójú fèrèsé. Ìkọ̀wé ara ìgò kọjú síta.)

3.

Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ lóṣù tó kọjá:

Afẹ́fẹ́ kan wà, nítíríkì ọ́kísáìdì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Òun ló ń ní kí iṣan dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rọ́nà dé ọkàn. Ti Bàbá kò tó mọ́. Hóró yìí ló ń bá a fi kún un.

"Rọ́bà sòkòtò tó fún jù ni," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ká tú u díẹ̀."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ní béèyàn bá ń kun orin nímú, afẹ́fẹ́ yẹn a máa pọ̀ nínú imú. Ṣùgbọ́n orin kì í ṣe oògùn o, Màmá.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni Abẹ́rẹ́ gbé wálé.

4.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Àyà Gíríìsì fún pinpin. Hóró kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kò dẹ̀.

5.

LÓRÍ FÓÒNÙ

NỌ́Ọ̀SÌ: Ṣé ó ń ta á láhọ́n?
GÍRÍÌSÌ: Bí ẹfun ló rí.
NỌ́Ọ̀SÌ: Inú kí ló wà, Màmá?
ABẸ́RẸ́: Agolo bọ́tìnnì. Mo tẹ́ òwú sí i.
NỌ́Ọ̀SÌ: Òwú ti fa agbára rẹ̀ lọ nìyẹn. Ọkọ̀ aláìsàn ń bọ̀, tuntun wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kó dìde.
ABẸ́RẸ́: Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo…
NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

6.

"Bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù mi tó já lọ́dún tó kọjá, o ò tíì rán an," ni Gíríìsì wí.

"Ẹ ò ní lọ kí n tó rán an."

"Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ ẹ̀wù ṣíṣí rìnrìn àjò?"

7.

Orin kì í ṣe oògùn. Abẹ́rẹ́ rántí ìdajì kejì ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì báyìí. Ó ń kùn ún síbẹ̀:

*Ọ̀nà tó há, là fún wa,
ẹni mi ń bọ̀ wá kọjá.*

Gíríìsì gbè é. Ohùn rẹ̀ wọ́, bó ṣe máa ń wọ́.

8.

Àwọn ọlọ́kọ̀ aláìsàn dé. Hóró tuntun, lábẹ́ ahọ́n.

"Ṣé ó ń ta yín?"

"Bí ata."

9.

Ìṣẹ́jú kan. Abẹ́rẹ́ ṣa bọ́tìnnì kan nínú agolo.

Ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n ní kó yẹ̀ díẹ̀. Ó yẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀wù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ń rán, ó ń kùn.

Kò tíì fẹ́ ta kókó sí òwú.