Jọ́nà Onípele C

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà Jurema, kó gbé jọ́nà tí kì í ṣe A1 fún un. Ní yunifásítì tó ti ń ṣe olùkọ́ ní Belém, gbogbo jọ́nà tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwádìí wọn sí ló ní ìpele tirẹ̀, láti A1 títí dé C. Lójú Jurema, ẹni tó kọ̀wé sí C kàn fi tádà ṣòfò ni.

Ni àbúrò ìyá rẹ̀, Seu Valdivino, bá pè é láti Cametá, níbi tó ti ń dáko létí odò. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń jẹrà nínú ilẹ̀.

"Jurema, ìdajì oko ti lọ. Bí èyí tó kù bá tún lọ, kí ni mo fẹ́ fi yan farinha, gàrí tí à ń jẹ? Ìwọ tó o kàwé bí ẹni máa kú, sọ nǹkan kan."

"Ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta, Bàbá."

Ó fi ọjọ́ mẹ́ta ka àwọn jọ́nà A1. Ọ̀kan tú ìdí ẹ̀gẹ́ wò dé ìran kẹwàá. Òmíràn ní kí àgbẹ̀ ra ẹ̀rọ tó wọ́n ju ilé Valdivino lọ. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, wọn ò purọ́, àmọ́ kò sí èyí tó fẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀ etí odò rí nínú wọn.

Dona Zenaide, àgbà obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé, gbé jọ́nà tín-ín-rín kan dé.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ wo èyí."

"Ṣé C kọ́ nìyẹn, mà?"

"C ni. Kò ní bù yín jẹ."

Àpilẹ̀kọ kan wà nínú rẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́ tó ń jẹrà, àfi bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ti wọ oko Valdivino. Inú Jurema dùn, ó pe bàbá náà, ó ń kà á sí i létí.

"Ohun tó ń ṣe mí gan-an nìyẹn!" Valdivino ń pariwo. "Kà á lọ!"

Ó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. "Ohun tí a fi gba èyí tó kù là, ẹ óò rí i nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀."

"Dona Zenaide, ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e dà?"

"Kò jáde. Nígbà tí wọ́n ti fún un ní C, ta ló tún fẹ́ kọ̀wé sí i?"

"Ọ̀dẹ̀ wo ló fún un ní C?" Valdivino bèèrè lórí fóònù.

Ojú ti Jurema gan-an. Òun náà wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn jọ́nà ní ìpele. Ọ̀ọ́dúnrún jọ́nà ni wọ́n pín sí ìpele láàárín ọjọ́ méjì, iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn dárúkọ wọn nínú ìwádìí tiwọn nìkan ni wọ́n ń wò.

"Èmi ni, Bàbá."

Valdivino tún bi í pé, "Ṣé o kà á kó o tó fún un?"

"N ò ṣí i rárá."

Jurema wo orúkọ ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ náà, ó ní òun máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́la láti lọ wá a.

"Bó o bá rí i," ni Valdivino wí, "kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ná, kó o tó bèèrè ohunkóhun."