Ìlà Tí Òróró Pa Rẹ́

…dókítà ní kí ó dúró ṣánṣán, kí ó jẹ́ kí apá rẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Tinúolúwa ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ojú títì kò bá a gbé ẹrù àyà rẹ̀ rí. Dókítà Adéjọbí fi téèpù wọ̀n ọ́n láti kòtò ọ̀fun dé orí ọmú, ní sẹ̀ǹtímítà, ó wá fi ìnkì aró fa ìlà.

Ọ̀tún: 34.
Òsì: 36.
Ibi tí orí ọmú máa wà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: 22.

2.

TINÚOLÚWA: Ẹ̀yìn ń dùn mí, Dókítà. Ṣé mi ò lè dùbúlẹ̀ ni?
DÓKÍTÀ: Rárá o. Tí ẹ bá dùbúlẹ̀, ọmú yín á yà sí ẹ̀gbẹ́, ìlà mi á sì parọ́. Ìlà yìí ni màá tẹ̀ lé tí mo bá ń dín wọn kù lọ́la.

3.

Ìwé tí Nọ́ọ̀sì Rùkáyà lẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì:

MÁ WẸ̀. MÁ PARA. MÁ PA ÌLÀ RẸ́.

4.

Ohun tí Tinúolúwa ti gbìyànjú:
— bùrèsíà méjì lórí ara wọn
— oògùn ẹ̀yìn, ọdún mẹ́fà
— kó máa jókòó kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà
— ààwẹ̀

5.

Wọ́ọ̀tísáàpù.

MÀÁMI: Ọmọ tí o máa bí ńkọ́? Kí ló máa mu?
TINÚOLÚWA: Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí n má lè fún un lọ́mú. Mo ti rò ó, Màámi. Mo ti fọwọ́ sí i.
MÀÁMI: Mò ń bọ̀ láàárọ̀. Màá gbàdúrà. Àwọn ará ìjọ mi á dé lẹ́yìn mi.

6.

Màámi wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láti Iléṣà wá sí ọsibítù, tòun ti ìgò òróró àdúrà. Tinúolúwa dijú. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ kan iwájú orí, ó kan ọrùn, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, ó ń fi òróró ra á lára bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. "Àmín" ló la ojú rẹ̀.

7.

Àtẹ́lẹwọ́ Màámi ti di aró.

8.

RÙKÁYÀ: Màmá! Ẹ ò rí ìwé ni?
MÀÁMI: Mo rí i.
RÙKÁYÀ: Ẹ kà á? Tí kò bá sí ìlà lára rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

9.

Inú bí Tinúolúwa. Kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó fi ọṣẹ fọ òróró kúrò, ó nù ún gbẹ, ó dúró ti ògiri, ó jẹ́ kí apá rẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ lọ pe Dókítà wá. Mo ti dúró."

Ibẹ̀ ni Màámi ti rí èjìká ọmọ rẹ̀. Kòtò tí okùn bùrèsíà gbẹ́ síbẹ̀ gba odindi ìka. Ó fi ìka tirẹ̀ wọ̀n ọ́n.

10.

Ọ̀tún: 34.
Òsì: 36.
22.

11.

Ìwé kejì, lára ilẹ̀kùn. Ìkọ̀wé Màámi:

Ẹ̀YIN ARÁ ÌJỌ, ÌTA NI KÍ Ẹ TI GBÀDÚRÀ.
ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Èmi ìyá rẹ̀ pàápàá.