Nọ́ọ̀tì Tí Stamen Kò Rántí

"Ginka, dúró ná! Má tíì ṣíná sí i!"

Ginka ti jókòó sídìí ọkọ̀. Ìyá rẹ̀, Màmá Kalina, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ìgò ata sísun tí ó fẹ́ fún dókítà ojú lé itan. Òdìkejì òkè ni dókítà wà, ọ̀nà ibẹ̀ sì lọ́ kọ́rọkọ̀rọ lẹ́bàá ọ̀gbun.

"Kí ló tún dé?"

Stamen ọkọ Ginka ló dá wọn dúró. Búrẹ́dì ló ń ṣe jẹun. Orí fóònù ló ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Lánàá ló pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn ọkọ̀ náà, èyí tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì máa yí pọ̀, nínú àgbàlá. Ó fi ọ̀dà èékánná Ginka sàmì sí àwọn jíà, ó rọra fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, àmì bá àmì mu, ọkọ̀ sì ṣíná. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì róólà tó ń fa bẹ́líìtì le, ṣé ó fún un tán?

"Màmá, nígbà tí ẹ pè mí wá yí ata lórí iná, mo ń fún nọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́. Mi ò rántí bóyá mo padà sídìí ẹ̀."

"Háà! Ata mi ló wá jẹ̀bi? Àbí ìwọ kọ́ lo ní kò sí mẹkáníìkì tó jù ẹ́ lọ?"

"O ṣáà wà á yí abúlé ká lánàá," Ginka wí. "Kò ṣe nǹkan kan."

"Ilẹ̀ títẹ́jú nìyẹn. Tí bẹ́líìtì bá yọ lórí òkè, ẹ́ńjìnnì á kú lójijì, bíréèkì á le bí òkúta, kò ní ṣeé tẹ̀."

"Dókítà ò ní dúró dè wá o," ni Màmá Kalina wí. "Ojú mi ń ṣókùnkùn sí i. Ẹ jẹ́ ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Stamen ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó gbé sípánà sílẹ̀. Ó fi ìka kan nọ́ọ̀tì náà. Ó yí.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì dí Ginka àti ìyá rẹ̀ lójú, wọn kò rí i. Ó lè yára fún un, kí ó ní ó ti le tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni nǹkan mìíràn tí òun gbàgbé?

"Ṣé ó le?" Ginka kígbe.

Ó jáde síwájú wọn.

"Kò le. Ìka lásán ló yí i. Ẹ má wọkọ̀ yìí lọ."

Ginka wo ojú rẹ̀ títí. "Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bóyá a ṣì máa bá bọ́ọ̀sì."

Màmá Kalina la ẹnu láti bú Stamen. Ó rí bí ọwọ́ Stamen ṣe ń gbọ̀n, ó di ọwọ́ náà mú, ó sì fi sọ̀ kalẹ̀.