Orúkọ Kẹrin

Motọ́láyọ̀ yí ìwé náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn, kò rí orúkọ ara rẹ̀. Ó rọra gbé e padà sórí tábìlì Ìyáàfin Adédùntán. "Ẹ ṣé mà," ó ní. "Ó dára gan-an." Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì lọ wọ ọkọ̀ Inísà. Ọ̀rọ̀ náà dun Adédùntán dé ọkàn. Ká ní ọmọ náà tilẹ̀ bínú ni, ìbá sàn.

Ìwé ìṣirò ni. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, ọ̀kan ní Ìkìrun níbi tí Adédùntán ti ń kọ́ni, ọ̀kan ní Inísà, ọ̀kan ní Òkukù. Adédùntán fúnra rẹ̀ ló kọ ìlànà tí gbogbo wọn bu ọwọ́ lù: iṣẹ́ ni wọn yóò wò, wọn ò ní wo ipò, ẹni tó bá ṣe jù, orúkọ rẹ̀ ni yóò ṣáájú. Motọ́láyọ̀ ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà. Ẹgbẹ́ òbí ló gbà á síṣẹ́ ní Inísà, kì í ṣe ìjọba. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìjọba fẹ́ gba olùkọ́, ìwé yìí sì ni ẹ̀rí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọmọ náà ní.

Nígbà tí atẹ̀wé béèrè orúkọ, Adédùntán tò ó bí wọ́n ti máa ń tò ó ní ọ́fíìsì, bí ipele iṣẹ́ ìjọba ṣe ga sí. Ọ̀gá Morákinyọ̀ ti Òkukù ló ṣáájú, òun tẹ̀ lé e, Mákánjúọlá, olùkọ́ ìjọba ní Inísà, ló kẹ́yìn. Olùkọ́ ẹgbẹ́ òbí kò ní ipele. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, Adédùntán ò tilẹ̀ fura. Ọdún mọ́kànlélógún lẹ́nu iṣẹ́ ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ohun tí ẹnu rẹ̀ ń bá àwọn ẹlòmíràn wí.

Ó pe Ọ̀gá Morákinyọ̀ lórí fóònù pé kí àwọn tún orúkọ náà tò. Ìyẹn ní àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́la, kí ó má dójú ti àwọn níwájú àlejò.

"Ọmọ náà á ní sùúrù," ó ní. "Gbogbo wa la ní sùúrù ká tó dépò."

Adédùntán náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn rí.

Lọ́jọ́ kejì, ní Òkukù, wọ́n pe Adédùntán síwájú pé kó wá fi ìwé náà han àwọn aláṣẹ.

"Ẹ má bínú, mo ṣe àṣìṣe," ó ní. "Orúkọ ẹni tó kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò sí lára ìwé yìí. Òun ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún."

Ọ̀gá Morákinyọ̀ tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Alága àwọn aláṣẹ náà mú bírò.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ẹ bi í fúnra rẹ̀, sà."

Nígbà tí Motọ́láyọ̀ dìde, tó ń bọ̀ síwájú, Adédùntán kọjá lára rẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí àga tó fi sílẹ̀.