Ẹní Orí Ọgbà

Ìyá wa ṣì wà láyé nígbà yẹn, Àjàmú bàbá wa náà ṣì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí mọ́sáláásí. Ọdún tí ayaba Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ìbàdàn ni. Ọdún náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìju inú ilé ọmọ fún Sẹ̀kínátù ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù.

Morẹ́nikẹ́, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní dókítà fura pé ọ̀bẹ ti kan àpò ìtọ̀ wọn. Ó fi rọ́bà rọ omi oògùn tó dà bí aró sínú rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun tì í. Aṣọ náà mu aró. Ó rán ojú ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó tún rọ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ funfun báláú.

"Ká ní kò yẹ̀ ẹ́ wò ni, ìtọ̀ ì bá máa ro lára wọn títí ayé."

Ilẹ̀ mọ́, Nùrẹ́nì ọkọ wọn àti ìyá rẹ̀ dé. Ìgò tí ìtọ̀ ń gba inú rọ́bà ro sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni wọ́n kọ́kọ́ rí.

"Yéè! Sẹ̀kínátù, aró lò ń tọ̀?" Nùrẹ́nì ló kígbe.

"Oògùn dókítà ni," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ìyá ọkọ ti di apá ọmọ rẹ̀ mú. "Oògùn wo? Ṣé o fẹ́ dúró kó ran ìwọ náà ni?"

Mo sáré tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì sọ fún yín!"

"Ìwọ, lọ fọ ọwọ́ rẹ," ni ìyá náà wí.

Ní ọjọ́ kẹta ìtọ̀ náà mọ́ kedere. Nùrẹ́nì ò padà wá. Ní ọjọ́ kẹwàá wọ́n yọ rọ́bà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ tọ́ ibùsùn wọn wò.

"Àbẹ̀ḿbí, lọ sọ fún Nùrẹ́nì pé ibùsùn mi gbẹ."

Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé ọkọ wọn ní Ṣàngó. Ẹrù ẹ̀gbọ́n mi ni mo bá níta.

Ẹ̀gbọ́n mi gba yàrá kan sí Ẹlẹ́yẹlé, létí títì. Láràárọ̀ ni wọ́n ń sá ẹní wọn sórí ọgbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹní tí ò tutù, kí lẹ ń sá a sí?"

"Nùrẹ́nì lè gba ibí kọjá."

Ó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò wo ọgbà. N ò sọ fún wọn.

Ọdún kẹta, ibà dá wọn gúnlẹ̀. Ní àárọ̀ Àlàmísì kan mo dé, ẹní ò sí lórí ọgbà. Wọ́n sùn lé e, ara wọn ti tutù. Nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ wẹ̀, mo fọwọ́ tọ́ ẹní náà wò. Ó gbẹ. Mo gbé e jáde, mo sá a.