Hàjíà Yà Kúrò Lójú Poro

Ẹ̀rù ń ba Màsúdát. Báwo ni kò ṣe ní bà á? Ìyá tó bí i, Hàjíà Ummu Kulthum, jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ń pè é ní Ládi. Ládi yìí, àbúrò Hàjíà, ó ti kú láti ọdún mọ́kànlá!

"Ládi, lé ẹyẹ kúrò lórí ọkà bàbà yẹn!"

"Màmá, èmi ni, Màsúdát." Hàjíà wò ó bí ẹni wo àlejò.

Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló di báyìí. Dókítà kọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan sínú káàdì: delirium. Wàhábì, ẹ̀gbọ́n Màsúdát, onínúfùfù ọkùnrin, tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Fóònù ní wèrè ni.

"Wèrè kẹ̀? Nílé tiwa? Mo ti pe mọ́tò. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo wèrè là ń gbé wọn lọ báyìí!"

Màsúdát mọ ibẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n ń kó sí èèyàn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Ó sáré lọ fa Dókítà Fọláṣadé, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, wá.

"Àlhájì, fóònù yín parọ́," ni dókítà wí. "Kòkòrò àrùn ló wọ inú ìtọ̀ Màmá, òun ló da orí wọn rú. Tẹ́ ẹ bá gbé wọn kúrò nídìí oògùn yìí lónìí, wọ́n lè kú."

"Kí wá lẹ kọ síbẹ̀?"

"Èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni. Tí màlúù tí wọ́n fi ń túlẹ̀ bá yà kúrò lójú poro, ohun tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Poro ni Màmá yà kúrò. Wọ́n á padà, ìnṣá Allah."

Haba, ṣé Wàhábì gbọ́? Ó na ọwọ́ sí Hàjíà, ó fẹ́ gbé e. Màsúdát kò mọ ohun tó tún lè ṣe, ló bá pariwo: "Màmá, ẹ ti yà kúrò lójú poro! Ẹ padà!"

Hàjíà wo ilẹ̀. Ó rọra ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, bí ẹni tó wà lóko, kó má baà tẹ irúgbìn. Ó wá wo bàtà ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

"Wàhábì, sọ̀ kalẹ̀ lórí ebè mi."

Láti ọjọ́ mẹ́ta, kò tíì pe orúkọ ẹni kankan bó ṣe jẹ́. Wàhábì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Nígbà tó yá, ó tẹ dírẹ́bà láago pé kó máa lọ.

"Ládi," ni Hàjíà tún pè, "ìwọ náà, kúrò níbẹ̀."

Ẹ̀rù ṣì ń ba Màsúdát. Ó jẹ́ "hẹ̀n-ẹ́n," ó sì sún ẹsẹ̀.